Ojú Odù àti Ìṣirò Alámì Méjì

Ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ pé àmì méjì péré, 0 àti 1, ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Ifá, púpọ̀ nínú wọn a takété, nítorí wọ́n rò pé ìbọ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Àmì méjì náà ni babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n. Bí ó bá bu ikin 16 láti ọwọ́ kan sí èkejì, tí ẹyọ kan bá kù, yóò tẹ méjì. Bí méjì bá kù, yóò tẹ ọ̀kan. Ipò mẹ́rin ni ó wà ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì. Ipò mẹ́rin yìí ni ó bí oríṣi 16. 16 lọ́nà 16 sì ni odù 256.

Ìyanu gidi wà nínú bí a ti to 16 náà. Bí ènìyàn bá ka ọ̀rọ̀ náà “ara” láti ẹ̀yìn wá síwájú, kì í yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni àmì mìíràn rí. Bí a bá kọ ọ̀kan ní 1, tí a kọ méjì ní 0, láti òkè dé ìsàlẹ̀, Ogbè di 1111, Ọ̀yẹ̀kú 0000, Ìwòrì 0110, Òdí 1001. Mẹ́rin yìí nìkan ni kì í yí padà bí a bá kà wọ́n láti ìsàlẹ̀. Àwọn gan-an ni ó sì ṣíwájú nínú ètò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Méjìlá tí ó kù ń rìn ní méjì-méjì, tí ìkejì jẹ́ ìdojúdé èkíní: Ìrosùn 1100, Ọ̀wọ́nrín 0011, Ọ̀bàrà 1000, Ọ̀kànràn 0001, títí dé Ọ̀ṣẹ́ 1010 àti Òfún 0101. Irú ètò báyìí kì í ṣe èèṣì.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò náà ń to irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀: 1, 3, 5, 7, 9, 15, 17, 21, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òdí ni 9, Ogbè sì ni 15. Ìwòrì, tíí ṣe 6, kò sí níbẹ̀, nítorí wọn kì í kọ 0 síwájú nọ́ńbà.

Àwọn kan ń sọ pé babaláwo ni ó dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Àsọdùn ni. Leibniz, ará Jámánì, ni ó tẹ ìwé jáde lórí ìṣirò 0 àti 1 ní 1703. Ifá kò nílò irọ́ kí ó tó níyì. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àtẹnudẹ́nu pàtàkì ayé.

Kí òbí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí má fòyà. Ẹni tí ó kọ́ orúkọ Mars àti Jupiter nínú ìmọ̀ ojú ọ̀run kò di abọ̀rìṣà àwọn ará Róòmù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó yẹ kí olùkọ́ ìṣirò kọ ojú odù 16 sára pátákó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fúnra wọn wá mẹ́rin tí kì í yí padà rí.