Sàró Ti Tó, Ẹ Gbé Lápàdé Wá

Ẹ má bínú sí mi o. Àwa mẹ́rin la rọ̀gbà yí fóònù kan ká ní Ọlọ́runṣògo, a wo Aníkúlápó: Rise of the Spectre ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde lórí Netflix ní 2024, dé apá tó gbẹ̀yìn. Kunle Remi mọ̀ ọ́n ṣe, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n Sàró tó ti ọ̀run dé ló ń gba ẹ̀mí àwọn tó jí dìde, a sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kí ló wá kù tí òǹwòran fẹ́ fọpọlọ wá?

Ẹ ní àṣà wa nìyẹn? Ó dáa. Láti 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fún wa ní Lápàdé nínú Àjà Ló Lẹrù: ọlọ́pàá àtijọ́ tó ń fi làákàyè tọpa ọ̀daràn. Ṣé làákàyè kì í ṣe àṣà Yorùbá ni? Ẹ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ká bá a wá ọ̀daràn!