Ọtí Tí Alágbàtà Ò Gbọdọ̀ Pàdánù

Juanita Swedenburg ní ọgbà àjàrà nígbà kan rí ní Middleburg, ìpínlẹ̀ Virginia, níbi tó ti ń ṣe wáìnì tirẹ̀. Àwọn àlejò tó tọ́ ọ wò a máa fẹ́ kó fi ránṣẹ́ sí wọn nílé. Bí oníbàárà bá ti ń gbé New York, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Nígbà náà, àwọn tó ń ṣe wáìnì ní New York lè fi ránṣẹ́ sílé oníbàárà. Ará Virginia ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi tó bá lọ ṣí ẹ̀ka síbẹ̀. Màmá náà gba ilé ẹjọ́ lọ.

Láti 1933 ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tó ka ọtí léèwọ̀, ó fi àkóso ọtí lé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn pàṣẹ pé ẹni tó ṣe ọtí gbọ́dọ̀ tà á fún alágbàtà ńlá, kí ìyẹn tà á fún oníṣọ́ọ̀bù, kó tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ mu ún. Kálukú ń bu èrè tirẹ̀ lé e. Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Níbí, òfin ló fún un níjòókòó.

Àwọn ìpínlẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọdé ra ọtí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ò sì fẹ́ kí owó orí sọnù. Ó dáa. Ṣé wáìnì tí wọ́n ṣe nínú ìpínlẹ̀ tiwọn kì í pa ọmọdé ni? Ní May 16, 2005, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Granholm v. Heald, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tó ga jù gbè sẹ́yìn Swedenburg: bí ìpínlẹ̀ bá gba tilé láyè, kó gba tòde náà.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ fi wáìnì ránṣẹ́ á gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn, á san owó orí, ẹni tó gbé e wá á sì rí i dájú pé àgbàlagbà tó ti pé ọmọ ọdún 21 ló bu ọwọ́ lùwé gbà á.

Massachusetts ta ọgbọ́n. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe ju 30,000 gálọ́ọ̀nù lọ́dún, tó sì ní alágbàtà níbẹ̀, gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan: kó tà nípasẹ̀ alágbàtà, tàbí kó máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sì sí oníwáìnì Massachusetts kankan tó ń ṣe tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ilé ẹjọ́ fagi lé e ní 2010, síbẹ̀ 2015 ni òfin tuntun tó jẹ́ kí àwọn oníwáìnì ńlá wọlé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.