Ẹ Dá Owó Olórin Kí Ó Tó La Ẹnu

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí asalátù ní Ikosi, ìyá kan tí ń ta ata ní ọjà Mile 12 dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 17, ti sọ fún un pé òun kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ẹgbẹ́ olórin fújì kan ní Ketu ni òun yóò máa bá kiri. Ìyá náà fẹ́ kí á bá òun ṣe àdúà kí ọkàn ọmọ náà lè kúrò níbẹ̀. Àwọn aáfà méjì wà pẹ̀lú wa. Ọ̀kan ní haràámù ni ìlù, pé kí ìyá kọ ọmọ náà sílẹ̀ bí kò bá gbọ́. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó fi í sílẹ̀, ta ni ó mọ̀ bóyá òun ni yóò kọ́ ilé fún un lọ́la. Ìyá wo ojú àwọn méjèèjì, ó so gèlè rẹ̀ le, ó lọ.

Nínú ìdáhùn méjèèjì, kò sí èyí tí ó kan ohun tí ó yẹ kí ìyá náà mọ̀: kí ni iṣẹ́ yìí yóò gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kí ni yóò fún un, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀? Àríyànjiyàn lórí ìlù ti wà kí á tó bí fújì. Àwọn onímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀, a kò sì lè parí rẹ̀ nínú ojú ìwé kan. Ohun tí a fẹ́ bá ara wa jà lé lórí lónìí ni owó.

Kí á má tan ara wa, ilé wa ni fújì ti jáde. Àwọn ajísààrì tí ń lu ìlù kiri àdúgbò ní òru oṣù ààwẹ̀, kí àwọn mùsùlùmí lè dìde jẹ sààrì, ni wọ́n gbé orin wéré kalẹ̀. Wéré ni ó sì bí fújì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, ilé-kéú ni ohùn wọn ti kọ́kọ́ là. Nítorí náà, aáfà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ olórin fújì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olè tí ó já wọlé ní òru, ó ti gbàgbé ẹni tí ń jí òun jẹ sààrì nígbà èwe.

Olóògbé Alhaji Sikiru Ayinde Barrister, tí a bí ní 1948, ti ń jí sààrì láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10. Kò tìtorí èyí pa ìwé tì. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries (ẹ jẹ́ kí á fi ti ọtí sílẹ̀ lónìí), ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì ja ogun abẹ́lé ní Abagana àti Onitsha. Nígbà tí ogun parí, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní Apapa àti Oshodi. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ó tó bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, tí ó sì kó ènìyàn 34 jọ, onílù àti elégbè, tí ó pè ní Supreme Fuji Commanders. Ènìyàn 34! Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, nítorí a óò padà sọ́dọ̀ wọn. Wasiu Ayinde, tí a bí ní 1957, sin Barrister láti 1975 sí 1978. Ó sì di 1984 kí Talazo '84 tó gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri. Ọdún 9 ni èyí, láti ọjọ́ tí ó wọ ilé ọ̀gá.

Ọmọ tí ó bá rò pé gbohùngbohùn ni a kọ́kọ́ ń gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí, kí ó lọ ṣe ìwádìí. Àpótí ni a kọ́kọ́ ń rù. Ègbè ló tẹ̀ lé e, ègbè tí ènìyàn yóò máa gbè fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní láti gbọ́ èdè ìlù. Ó ní láti mọ ìtàn ìlú àti oríkì ìdílé, kí ó má baà ki ará Ìbàdàn ní oríkì Ìjẹ̀bú. Ó ní láti lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣáà kí ohùn rẹ̀ má sì ha títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó sì gba ìbínú ọ̀gá mọ́ra. Àwọn tí ń pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ kò tí ì jókòó ti onílù rí.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Ẹ lọ sí ọjà Mile 12 ní ìdájí, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ó kó ata àti tòmátì wá láti òkè ọya ti tò sílẹ̀. Kò sí apẹ̀rẹ̀ kan tí yóò kúrò níbẹ̀ tí a kò ní ná an, kí ẹnu ó tó kò. Alábàárù pàápàá, tí kò ní ju orí àti ọrùn rẹ̀ lọ, yóò béèrè ibi tí ẹrù ń lọ, yóò dá iye, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e. Bákan náà ni ó rí níbi tí wọ́n ti ń ta èso ní Ketu. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kan náà tí kò jẹ́ kí alábàárù fọwọ́ kan ẹrù láìdá owó, bí ó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, yóò ránṣẹ́ sí olórin pé: “Ṣá máa bọ̀, èrò yóò pọ̀, ẹ óò rí i níbẹ̀.” Ẹ óò rí i níbẹ̀! Owó ọkọ̀ nìkan ni yóò fi ránṣẹ́. Olórin yóò yá ẹ̀rọ, yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀, yóò kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dání, gbogbo wọn sì ní ilé tí ó ń retí oúnjẹ. Àpò àwọn àlejò tí kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan ni owó wọn wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì lè gbà jáde: kí á yin ẹni tí ó ni àpò títí yóò fi dìde wá lẹ owó mọ́ni lórí.

Òfin Ìsìláàmù kò gba kí á gba ènìyàn ṣiṣẹ́ láìjẹ́ kí ó mọ owó ọ̀yà rẹ̀. Rẹ́jẹ ni, ìjà ni ó sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀. A sì gbọ́ nínú hàdíìsì tí Ibn Majah gbà wá pé kí òógùn òṣìṣẹ́ má tí ì gbẹ tí a óò fi san tirẹ̀ fún un. Nínú wa, ta ni ó ti ka èyí sí ọ̀rọ̀ olórin rí?

Ẹ wo ohun tí owó orí agbo ń sọ ènìyàn dà. Ojú olórin kò ní í sí lára ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ mọ́. Agbádá ni ojú rẹ̀ ń wá kiri. Ẹni tí ó jí owó ìlú, olódodo ni yóò pè é bí ó bá ti dìde. Ẹni tí ó lé ìyàwó àti ọmọ jáde, baba rere ni. Kì í ṣe pé olórin kò mọ òtítọ́. Ó mọ̀ ọ́n ju àwa lọ, nítorí ìdílé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn méwàá ń wo ẹnu rẹ̀ láti jẹun, òtítọ́ kò sì ní iye lórí àwọ̀ ìlù. Hàdíìsì tí Miqdad ọmọ Al-Aswad gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Muslim, pàṣẹ pé kí á bu erùpẹ̀ sójú àwọn ayinniyìn. Àwọn aáfà wa fẹ́ràn láti kà á lórí ìwáàsù. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó ra ìyìn náà? Ẹni tí ń náwó jókòó sí ìlà kìn-ín-ní nínú mọ́sáláṣí wa, a kò sì bu erùpẹ̀ kankan sí i lójú.

Àwọn kan yóò ní a ń dá Yorùbá lẹ́kun ayọ̀, pé nínáwó fún olórin ti wà láti ayé àwọn baba wa. Àwọn mìíràn yóò ní Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ta Ka'b ọmọ Zuhayr lọ́rẹ ẹ̀wù nítorí ewì. Òótọ́ ni. Ẹ̀bùn fún ẹni tí ó ti sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, kò sí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀bùn bá di owó oúnjẹ, tí kò sí òmíràn, ọjà ni, ìyìn sì ni a ń tà níbẹ̀. Súrà tí a fi orúkọ àwọn akéwì pè nínú Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé bá wọn wí nítorí pé ẹnu wọn kò bá ìṣe wọn mu, ó sì yọ àwọn onígbàgbọ́ tí ń ṣe rere sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ran olórin lọ́wọ́ kí ó lè wà lára àwọn tí a yọ sọ́tọ̀, kí á tó máa fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà na án.

Àwa tí ń kọ ìwé yìí pàápàá kò mọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ètò wòlímà àwọn ọmọ ilé-kéú kan ní Alapere. A pe akọrin Ìsìláàmù kan. Nígbà tí ó béèrè owó, èmi ni mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ Ọlọ́hun ni, pé láádá rẹ̀ ń bẹ lọ́run, pé yóò sì rí nǹkan lọ́wọ́ èrò. A kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ya àga àti àtíbàbà fún wa. A san tirẹ̀ pé. Akọrin náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ń ṣàlàyé iyì ìmọ̀. Ní wákàtí kan sí i, kò sí ìmọ̀ mọ́, orúkọ àwọn ọlọ́lá ni ó kù, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn péjọ sì ti ń sùn lórí àga. Àwọn aáfà bínú sí i. Èmi náà bínú. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé èmi ni mo kọ orin náà fún un, nígbà tí mo sọ ibi tí owó rẹ̀ wà fún un.

Ìjọba náà ti dá sí i. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n náírà tàbí láti máa jó lé e lórí ní òde àríyá. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán ẹni tí ayé ń pè ní Bobrisky ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6 lórí ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Títí di òní, òfin yìí kò sọ ohun tí onílù yóò jẹ bí a bá dáwọ́ fífọ́n owó dúró. Àwa tí ń pe olórin ni ó kù sí lọ́wọ́ láti dáhùn.

Àìsí ìwé àdéhùn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n pa Ayinla Omowura, ọ̀gá àpàlà, ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó ti jẹ́ alámòójútó ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni ìjà dé sí àárín wọn, lórí alùpùpù kan. Alùpùpù kan ṣoṣo! Ní ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, Haruna Ishola, ọ̀gá àpàlà bíi tirẹ̀, ti dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti 1969 ni òun àti I.K. Dairo ti jọ gbé ilé-iṣẹ́ àwo Star Records kalẹ̀, tí ó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ìyẹn mọ̀ pé dúkìá ni ohùn. Nínú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí a fi ọwọ́ sí ní 2023, ẹ̀tọ́ lórí orin wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Ogún ni èyí, ẹ̀yin mùsùlùmí, ogún tí ó yẹ kí á pín bí a ti ń pín ilé àti ilẹ̀. Olórin mélòó ní Kosofe ni ó ní ìwé tí ó fi hàn pé òun ni ó ni orin tí òun kọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra wòlímà, Máólúdì àti ìsọmọlórúkọ, ẹ dá owó olórin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ san ìdajì kí ó tó gbéra, kí ẹ sì ní kí ó má ki ẹnikẹ́ni nítorí owó. Bí owó yín kò bá tó, ẹ pe ẹgbẹ́ tí ó kéré. Ẹ̀yin ọ̀gá olórin, àwọn ènìyàn 34 tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? Ẹ sọ ìpín onílù fún un kí ó tó gbé ìlù kọ́rùn, kí ó má máa wo ọwọ́ yín ní ìdájí bí alágbe. Ẹ̀yin aáfà tí ẹ ń fi bí owó ti pọ̀ tó wọn gígùn àdúà, a óò bá ẹ̀yin sọ ti yín ní ọjọ́ mìíràn.

Mo wá ìyá aláta náà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo ní kí ó má lé ọmọ, kí ó má sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, kí ó bi í ní èló ni yóò máa fún ọmọ ní òde kọ̀ọ̀kan, ọdún mélòó ni yóò fi sìn ín, àti bóyá yóò jẹ́ kí ó parí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ kí ó tó máa bá a lọ sí òde òru. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a máa ń ná ọ̀yà lọ́dọ̀ olórin náà ni. Ó lọ. Ọ̀gá náà ní kí ó padà wá lẹ́yìn Iléyá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.