Ìbẹ̀rẹ̀ Sánmọ̀ àti Ilẹ̀: Ǹjẹ́ Ìjà Wà Láàrin Sáyẹ́ǹsì àti Ìgbàgbọ́?

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹlẹ́dàá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń da ọ̀pọ̀ nínú yín láàmú, tí ẹ kì í sì í sábà lè sọ jáde ní mọ́sáláṣí. Ní ilé-kéwú, wọ́n kọ́ yín pé Ọlọ́hun ni Ó dá ohun gbogbo. Nígbà tí ẹ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, olùkọ́ sọ fún yín pé ọjọ́ orí àgbáńlá ayé tó ọdún bílíọ̀nù 13.8, àti pé láti ipò kan tí ohun gbogbo ti fún pọ̀, tí ó sì gbóná kọjá sísọ, ni ó ti fẹ̀ di ohun tí a ń wò yìí. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn kan ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a tún ń fi Ọlọ́hun ṣe? Wọ́n rọra fi ìrun kíkí sílẹ̀. Àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àlùfáà lọ, àlùfáà sì bú wọn pé ẹ̀kọ́ kèfèrí ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì sá fún ìmọ̀. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì í. Àwọn méjèèjì gbà láìwádìí pé ẹni tí ó bá ti mọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ kò nílò Ẹni tí ó ṣe é mọ́.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ sọ gan-an. Ní ọdún 1917, Albert Einstein gbà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà rẹ̀, pé ojú kan ni àgbáńlá ayé dúró sí. Nígbà tí ìṣirò rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, ó fi iye kan kún un kí ó lè dúró. Ní ọdún 1927, Georges Lemaître, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ẹni tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò tí ó sì tún jẹ́ àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, fi hàn pé ńṣe ni ó ń fẹ̀ sí i. Ní ọdún 1929, Edwin Hubble, tí ó ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo ojú sánmọ̀ lórí òkè Mount Wilson ní Amẹ́ríkà, rí ẹ̀rí rẹ̀: àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá ń jìnnà sí wa, èyí tí ó bá sì jìnnà jù ni ó ń sáré jù. Ohun tí ó ń fẹ̀ lónìí, ó ní láti jẹ́ pé ó fún pọ̀ lánàá. Ní ọdún 1931, Lemaître sọ ọ́ gbangba pé ó ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni inú wọn dùn sí i. Ní ọdún 1948, Fred Hoyle ará Ìlú Ọba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àgbáńlá ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀ rárá. Òun náà ni ó pe èrò kejì ní "Big Bang", ìbúgbàù ńlá, lórí rédíò ní ọdún 1949, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní. Ní ọdún 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson ń lo ẹ̀rọ ńlá kan tí ó rí bí ìwo, tí ń gba ìgbì rédíò, ní New Jersey. Ariwo kan kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ibi yòówù tí wọ́n bá dojú ẹ̀rọ kọ, ariwo náà kò yí padà. Wọ́n lé ẹyẹlé tí ó tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n gbá ìgbẹ́ ẹyẹ dànù, ariwo kò lọ. Àṣé ìyókù ooru ìbẹ̀rẹ̀ ni, tí ó ti tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 270 nísàlẹ̀ òdo. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1978.

Bí a bá ti gbọ́ eléyìí, ọ̀pọ̀ wa a máa kígbe pé: "Allāhu Akbar! Ó ti wà nínú Àlùkùránì!" Wọn a tọ́ka sí Súrà Al-Anbiyā', àáyà 30, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ nípa sánmọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra kí Ó tó yà wọ́n. Èmi kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rọra. Ní ọdún 1951, Póòpù Pius Kejìlá ṣe irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní sáyẹ́ǹsì ti jẹ́rìí sí dídá ayé. Lemaître fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ àlùfáà, kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ó gbà pé ìṣirò òun kò jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá fi ìmọ̀ òní ṣe òpó ilé ìgbàgbọ́ rẹ̀, bí ìmọ̀ bá yí lọ́la, ilé a wó lé e lórí. A gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé ìtumọ̀ àáyà náà ni pé sánmọ̀ wà ní dídì láìsí òjò, ilẹ̀ wà ní dídì láìsí ewéko, kí Ọlọ́hun tó ṣí wọn. Wọn kò mọ Hubble, ìgbàgbọ́ wọn kò sì dín kù.

Ìtìjú sì tún wà níbẹ̀. Bí a bá ti ń ka àáyà yìí fún ohun tí ó lé ní ọdún 1,300, èé ṣe tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ẹlòmíràn bá ti ṣe wàhálà tán ni àwa ń rí i?

Àwọn kan ní ọjọ́ mẹ́fà tí Àlùkùránì sọ kò bá bílíọ̀nù ọdún mu. Ṣùgbọ́n Àlùkùránì kan náà ni ó sọ nípa ọjọ́ tí ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún nínú òǹkà wa, àti ọjọ́ tí ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọdún. Nígbà tí oòrùn kò tíì sí, ta ni yóò fi yíyọ àti wíwọ̀ rẹ̀ ka ọjọ́?

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí á tẹ̀lé wà lọ́dọ̀ Ànábì. Ní ọdún 10 Híjírà, Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú, òṣùpá sì bo oòrùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Bí ó bá jẹ́ pé òkìkí ni ó ń wá, ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó já wọn ní koro, ó ṣàlàyé pé oòrùn àti òṣùpá jẹ́ àmì Ọlọ́hun, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni, ó sì pàṣẹ kí wọ́n dìde kírun. Imām al-Ghazālī, tí ó kú ní ọdún 1111, náà kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ Tahāfut al-Falāsifah pé ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ẹ̀sìn ta ko ìṣirò òṣùpá tí ó bo oòrùn, ẹ̀sìn gan-an ni ó ń pa lára. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú sánmọ̀ Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ti ka ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, síbẹ̀ ìrun rẹ̀ kò di asán. Bí ó ti rí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo.

Ìṣirò lè sọ bí ayé ṣe fẹ̀. Kò lè sọ ìdí tí ohunkóhun fi wà dípò kí ó má sí. Ìbéèrè yẹn ni Súrà At-Tūr, àáyà 35, bi wá: ṣé láìsí olùdá ni a dá wọn ni, tàbí àwọn ni wọ́n dá ara wọn? Jubayr ọmọ Mut'im kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ọkàn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ padà sí ìwé yín, kí ẹ sì padà sí orí ìrun yín. Ẹ̀yin àlùfáà wa, bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe lé e. Ẹni tí a bá lé kúrò ní mọ́sáláṣí nítorí ìbéèrè, ibòmíràn ni yóò ti gba ìdáhùn.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì fi ẹsẹ̀ wa múlẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ òdodo. Àmín.