Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Kọ́ Ni Ìwà

Ní òpin sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwa olùkọ́ bá jókòó ṣírò máàkì, iṣẹ́ kan wà tí a máa ń yára parí ju gbogbo ìyókù lọ. Iṣẹ́ náà ni máàkì ìwà, èyí tí ìwé èsì ń pè ní conduite. Ní ti ìṣirò, a ń kà á, a ń tún un kà. Ní ti èdè Faransé, a lè jiyàn pẹ́ lórí ìdajì máàkì. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ìwà, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ gba 18 lórí 20, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ gba 14, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Àwa tí a ń ké níbi gbogbo pé ìwà lẹwà, àwa kan náà ni a ń fi ìṣẹ́jú méjì díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, olùkọ́ kan pa iṣẹ́ jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí ó dé, ó ní kí olórí kíláàsì gbé cahier de textes wá, kí òun lè kọ ẹ̀kọ́ tí òun kò kọ́ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní: «Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́ wa, ẹ má bínú, a kò ṣe ẹ̀kọ́ yẹn.» Nígbà tí sáà parí, 18 rẹ̀ ti di 12. Àwa tí a wà níbẹ̀ mọ̀ pé ó jàre, a sì dákẹ́. Wọ́n yan ọmọ mìíràn ṣe olórí kíláàsì. Ìgbàkígbà tí a bá pe èyí, ó ń gbé ìwé náà wá. 18 ni a fún un.

Àwọn kan yóò ní bí ọmọdé bá ń kọ̀ fún àgbà, àṣà yóò bàjẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, kò sì purọ́. Kí ni ó kù tí ọmọlúàbí ń ṣe tí kò ṣe? Àwọn baba wa tí wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, kò ní kí ọmọdé gbé ọgbọ́n tirẹ̀ mì.

Ẹ wo Àkàbà Ìdènà ní Kétu, tí àlejò ń wá wò títí di òní. Amọ̀ àti pákó nìkan kò lè ṣọ́ ìlú, àfi kí oníbodè wà níbẹ̀ tí ó lè sọ fún ẹni tí ó dé pé kò ní wọlé. Bí a bá ń fi ìyà jẹ oníbodè nítorí pé ó ti ìlẹ̀kùn, ta ni yóò bá wa ṣọ́ ìlú lọ́la? Lọ́jọ́ tí ọmọ tí a ti kọ́ báyìí bá di akápò, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ní kí ó fọwọ́ sí ìwé irọ́, a ó máa pariwo pé kò sí olórí rere mọ́. Àwa ni a kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè lọ́wọ́ ara wa, kò sì ní ná wa ní fáráǹkì kan. Èkíní, kí olùkọ́ tí ó bá pẹ́ dé tọrọ àforíjì níwájú kíláàsì. Ọmọ tí kò rí àgbà tí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rí, níbo ni yóò ti kọ́ ọ? Èkejì, kí ọmọ tí ó ń gba owó fótókópì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye tí ó gbà àti iye tí ó ná sétí gbogbo wọn. Bí ó ṣẹ́ku 25 fáráǹkì, kí ó dá a padà. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe yọ nínú máàkì ìwà ọmọ kankan láìkọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó tún jókòó ṣírò máàkì, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé ìwà ọmọ ni a ń díwọ̀n, tàbí ìrọ̀rùn tiwa?