Irọ́ Ni Pé Ẹni Tó Bá Ń Ṣírò Kò Ní Kọ́lé

Ní Ìwó, bí èèyàn bá ní òun fẹ́ mọ iye tí ilé máa ná òun kí òun tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dá a lẹ́kun. Wọ́n á ní ẹni tó bá ń ṣírò ilé kò ní kọ́lé láé, kó ṣáà bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run á bá a parí ẹ̀. Láti Odò-Orí dé Ìsàlẹ̀-Ọba, àgbà ń sọ ọ́, ọ̀dọ́ ń sọ ọ́, àwọn ọmọ ìlú tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun náà ti gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba nǹkan jẹ́. Òun ló ń sọ ilé dahoro kí ẹnikẹ́ni tó sùn nínú rẹ̀, òun náà ló ń sọ onílé àti bíríkìlà dọ̀tá.

Àwọn tó ń sọ ọ́ ní ẹ̀rí kan tó lágbára: náírà kì í dúró lójú kan. Ní 2020, àpò sìmẹ́ńtì kan kò tó ₦4,000. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, débi pé ìjọba àpapọ̀ ní láti pe Dangote, BUA àti Lafarge jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Mílíọ̀nù kan náírà tó lè ra ju 250 àpò lọ tẹ́lẹ̀ kò wá lè ra 100 mọ́. Wọ́n á ní ẹni tó jókòó ti ìṣirò ló pàdánù.

Ta ló wá jèrè? Ẹni tó mọ ohun tí ilé rẹ̀ máa gbà ni. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án bíi mẹ́wàá ló ń wọ ògiri tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ẹni tí àwòrán ilé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jókòó kà á, kó sì rà á sílẹ̀ kó tó gbówó lórí. Ẹni tí kò kà á á kó sìmẹ́ńtì jọ sínú yàrá. Bó bá ti lé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, agbára rẹ̀ á máa dín kù, á sì máa di òkúta nínú àpò.

Ilẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ ń gbówó lọ. Lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, ìpìlẹ̀ lè jẹ́ ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta níwájú, kó sì di mẹ́jọ lẹ́yìn. Gbogbo àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín yẹn, yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n máa fi dí i, típà lórí típà. Bí ilẹ̀ bá tún ń sun omi, irin àti kọnkéré á pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó jí owó kankan níbẹ̀. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún lébìrà tó máa gbẹ́ ihò mélòó kan wò ì bá ti fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Ìjà wá dé. Bíríkìlà gba iṣẹ́ "títí dé orí páànù." Nígbà tí ògiri ga dé orí fèrèsé, ó ní owó líńtẹ̀ẹ̀lì ò sí nínú ohun táwọn jọ sọ. Onílé ní ó wà níbẹ̀. Ti jámánì fúlọ̀ ńkọ́? Ta ló ń pọn omi? Ta ló ni owó pákó tí wọ́n máa dúró lé? Rírẹ́ ògiri ńkọ́? Irú sìmẹ́ńtì wo gan-an? Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní sìmẹ́ńtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 sì ni ti òpó àti búlọ́ọ̀kù. Àwọn méjèèjì ń sọ ohun tí wọ́n rò pé wọ́n gbọ́, kò sì sí ìwé tó máa là wọ́n. Olè ni onílé máa pe bíríkìlà, ahun ni bíríkìlà máa pè é. Àwọn bíríkìlà tó ń jalè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí kò ti sí ìṣirò ni wọ́n ti ń rí i ṣe, nítorí ẹni tí kò mọ iye tó kó wá kò lè mọ iye tó sọnù.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tálákà nìkan. Ní Sydney, ní Ọsirélíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbọ̀ngàn Opera House ní 1959 nígbà tí àwòrán òrùlé rẹ̀ kò tíì parí. Mílíọ̀nù méje dọ́là ni wọ́n fojú bù ú, wọ́n sì ní ó máa parí ní 1963. Àwọn òpó tí wọ́n kọ́kọ́ gbé dúró kò lè gbé òrùlé náà, wọ́n ní láti tún wọn ṣe. Jørn Utzon tó ya àwòrán rẹ̀ bá ìjọba jà lórí owó, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1966. Ó di 1973 kí wọ́n tó ṣí i, ó sì ti jẹ mílíọ̀nù 102.

Ní ti pé Ọlọ́run á parí ẹ̀, ìlú onímọ̀ ẹ̀sìn ni Ìwó. Àwọn ààfáà mọ̀ pé ẹsẹ 282 nínú Súrà Bákárà, tó gùn jù nínú Kùránì, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ gbèsè tó ní àkókò sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi tó ni Yunifásítì Bowen níbẹ̀ mọ ohun tí Jésù sọ nínú Lúùkù orí 14, nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ẹni tó bá fi orúkọ Ọlọ́run sá fún ìṣirò kò rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìwé méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé lọ́dún yìí, ẹ gbé àwòrán yín lọ bá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣirò ilé. Ẹ jẹ́ kó ka gbogbo rẹ̀ dé orí wáyà, ilẹ̀kùn, sọ́kàwéè àti kànga, kó sì ya owó kan sọ́tọ̀ fún ohun tí ojú ò rí. Kí ẹ̀yin àti bíríkìlà kọ ohun tí owó rẹ̀ kó sínú àti ohun tí kò kó sínú, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín. Bí owó kò bá tó yàrá mẹ́rin, ẹ kọ́ méjì, kí ẹ kó wọ̀ ọ́.