Gbèsè Tí A Jẹ Bàbá Olóúnjẹ

 

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, arákùnrin kan dìde, ó bi wá pé kí ló dé tí a fẹ́ fi odidi ojú ewé nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ olóúnjẹ tó kú, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó àjẹẹ́lẹ̀ wa ṣì wà nílẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ dára. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ owó àjẹẹ́lẹ̀ ni èyí náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí àwa ni a jẹ gbèsè.

Ará Ghana ni Bàbá tí à ń sọ yìí, ọmọ Fante láti etí òkun lápá Cape Coast. Ó kú ní ọdún tó kọjá nínú yàrá tó háyà ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀ níbí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìyàwó rẹ̀ ní Bàbá kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pariwo òun. Ká sòótọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò pe orúkọ rẹ̀ gan-an rí. Bàbá Olóúnjẹ ni gbogbo wa mọ̀. Ọdún 1975 ló kọ́kọ́ dé Èkó, nígbà tí owó epo ń ṣàn bí omi, tí Nàìjíríà sì ń wá ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó níbí, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún.

Bùkà rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan lójú. Páànù díẹ̀ lórí òpó igi, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, àti ẹ̀rọ agbóhùn-sáfẹ́fẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé òtútù mú un. Ìyàwó rẹ̀ ló ń se kẹ́ńkẹ́, òun ló ń dín ẹja. Ẹni tí kò bá mọ kẹ́ńkẹ́ lè rò pé ẹ̀kọ lásán ni. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Wọ́n á wá se apá kan nínú rẹ̀, wọ́n á rò ó mọ́ èyí tí wọn kò sè, wọ́n á pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, wọ́n á tún gbé e kaná fún wákàtí púpọ̀. Wọn kì í sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì, ìdí nìyẹn tó fi ń dúró nínú. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa sọ pé àwọn kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹ̀kọ tó ti bà jẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ wọ sífítì òru, tí ebi kò pa wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n panu mọ́. Ata dúdú tí wọ́n ń pè ní ṣitọ́, tí wọ́n fi edé àti ẹja gbígbẹ dín, ó kù díẹ̀ kí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín sífítì àárọ̀ àti sífítì ọ̀sán, nítorí àwọn tó bá kọ́kọ́ dé kì í ṣẹ́kù.

Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kí ẹ dé ibẹ̀. Àwọn ará Ghana tó wà ní Ìsọlọ̀, Oṣòdì àti Èjìgbò á péjọ: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, àwọn obìnrin tó ń dirun, àti àwọn tíṣà, nítorí láyé ìgbà náà ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ilẹ̀ Yorùbá ló ní tíṣà Ghana. Wọ́n á dá àjọ, wọ́n á ka lẹ́tà ilé fún ẹni tí kò mọ̀wé, wọ́n á ta ayò. Oware ni wọ́n ń pe ayò tiwọn, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú ayò ọlọ́pọ́n wa, àwọn àgbà wa sì sọ pé wọn kò rí ọmọ Yorùbá tó na Bàbá níbẹ̀ rí. Nígbà tó yá, àwa náà jàǹfààní níbẹ̀. Àwa tí à ń kọ èyí kò kàwé kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí a tó wọ kíláàsì alẹ́. Tíṣà Ghana kan tó ti fẹ̀yìntì, oníbàárà Bàbá, ló kọ́ wa ní ìṣirò tí a fi ń yẹ ìwé owó oṣù yín wò lónìí.

Ọ̀rọ̀ àwìn ni a fẹ́ dé. Lápá ìparí àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ ti géètì mọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ síta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá ń bọ́ wọn. Kò ṣe ìpàdé, kò kọ ìwé ẹ̀hónú, ó kàn ń bu oúnjẹ, ó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, nígbà tí Hassan Sunmonu àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC pe ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó mú kí owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦125, bẹ́ǹṣì Bàbá ni àwọn aṣojú wa jókòó sí tí wọ́n ń retí ìròyìn. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, tí owó oṣù náà kò kàn, ló ń se oúnjẹ fún ìjà náà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti já wálẹ̀, ilé-iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́, ọdún ìbò sì ni. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ kan ní 90 ọjọ́ láti wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti lo ọdún mẹ́fà, ọdún méje, láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìwé nígbà tí owó ṣì wà. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo yín mọ báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù, a ṣì ń pè é ní Ghana-must-go títí di òní, à ń fi í kó aṣọ lọ sí ìyàwó láìronú ohun tí orúkọ náà ń sọ.

Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀nà Sèmè lọ pẹ̀lú ọmọ méjì. Ìjọba Rawlings ti ti ẹnubodè Ghana pa láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, Togo kò fẹ́ kí èrò náà há sọ́dọ̀ òun, nítorí náà ènìyàn kún Benin àti ẹ̀gbẹ́ títì Sèmè, wọ́n ń sùn nínú eruku, títí Ghana fi ṣí ẹnubodè ní ìparí oṣù náà. Ilé tí wọ́n dé kì í ṣe ilé ìsinmi. Ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ jẹ oko run ní Ghana lọ́dún yẹn. Ebi pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe egungun èjìká tó yọ síta ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Ìyàwó Bàbá ló sọ ọ́ fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kí ni ẹ̀ka wa ṣe? A wá inú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ti oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1983. A rí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, a rí ọ̀rọ̀ bọ́nọ́ọ̀sì, a rí owó tí wọ́n dá fún ìsìnkú ìyá akọ̀wé. Nípa ará Ghana, kò sí ìlà kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹta, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ń ráhùn pé olóúnjẹ ti jìnnà sí géètì, kí àwọn ọ̀gá wá nǹkan ṣe sí i.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àwọn náà ló kọ́kọ́ ṣe é fún wa. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó máa lọ. Àwọn ìyá àti bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Èjìgbò ti Ọ̀ṣun, àti Ṣakí, tí wọ́n ti ń tajà ní Kumasi àti Tamale kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, padà wálé pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn. Ṣùgbọ́n ṣé Bàbá Olóúnjẹ ló fọwọ́ sí ìwé Busia? Ṣé bíríkìlà tó ń mọ ilé ní Ìsọlọ̀ ló lé ìyá yín ní Kumasi? Ẹni tó mọ bí ó ti dùn wá tó ní 1969 ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní 1983.

Ẹ wo ti London, nítorí kò jìnnà sí tiwa. Ọmọ Trinidad kan tó ń jẹ́ Frank Crichlow ṣí ilé oúnjẹ Mangrove ní Notting Hill ní ọdún 1968. Ibẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú àdúgbò ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń gba ìmọ̀ràn. Ọlọ́pàá ń ya wọ ibẹ̀ léraléra. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1970, àwọn oníbàárà àti ará àdúgbò fi ẹsẹ̀ rìn jáde nítorí rẹ̀. Wọ́n mú ènìyàn mẹ́sàn-án lọ sí kóòtù, Crichlow wà nínú wọn, ní ọdún 1971 ni ìgbìmọ̀ adájọ́ sì sọ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ̀bi ẹ̀sùn ìrúkèrúdò. Ó kú ní ọdún 2010, àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun náà, oúnjẹ ló ń tà. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí àwọn tó jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe.

Bàbá padà wá. Lẹ́yìn tí wọ́n tún lé àlejò lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1985, lábẹ́ ìjọba Buhari, ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó gba ìwé rẹ̀ pé, ó sì tún na páànù sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Ibẹ̀ ni àwa bá a. Kò béèrè owó àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn onígbèsè wá jẹun, ó bu oúnjẹ fún wọn.

Alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002 ni a kọ́kọ́ rí ìwé àwìn náà. Ẹ rántí alẹ́ yẹn, tí bọ́ǹbù ń bú ní bárékè Ìkẹjà, tí ènìyàn ń sá nínú òkùnkùn títí ọ̀pọ̀ fi kó sínú omi Òkè-Àfà níwájú wa níbí, ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún. Bàbá tan àtùpà, ó po ògì, ó kó àwọn ọmọ tó ń ké láìrí ìyá wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí á máa kọ orúkọ wọn àti àdúgbò wọn sílẹ̀, kí òbí tó bá wá lè rí wọn. Ìwé tó nà sí wa láti fi kọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣófo. Iwájú rẹ̀ kún fún orúkọ òṣìṣẹ́ àti kọ́bọ̀, oṣù Kìíní ọdún 1983.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan jáde ní Accra, wọ́n ń pariwo pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ, inú bí wa gan-an. Ṣùgbọ́n ní géètì tiwa, ta ló ń ta tíì? Ọmọ Niger ni. Ta ló ń fọ abọ́? Ọmọ Cotonou àti ọmọ Togo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sọ pé àlejò ń gba owó kékeré, ó ń ba iye wa jẹ́. A kò sọ pé irọ́ ni. Àwọn ọ̀gá mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í bèèrè owó àfikún. Ṣùgbọ́n bí a bá lé e, òmíràn ni wọn yóò mú wá, ẹ̀rù yóò tún máa ba ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, kí ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀, ká wá wo ẹni tí yóò ta iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀.

Ìyàwó Bàbá ti yọ̀ǹda ìwé náà fún wa. A ṣírò rẹ̀: gbèsè oṣù Kìíní 1983 jẹ́ ₦318.40. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦125, owó oṣù méjì ààbọ̀ àti lékè ni. Bí a bá fi ₦70,000 tí wọ́n fi sófin ní ọdún 2024 ṣe é, ó lé ní ₦175,000. Àwọn aṣojú ti fẹnu kò láti gbé àbá méjì wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀: kí ẹ̀ka san owó náà fún opó Bàbá láti inú àpò ẹgbẹ́, àti kí a kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé bí wọ́n bá wá kó olóúnjẹ tàbí òṣìṣẹ́ kankan ní géètì wa nítorí ibi tí wọ́n bí i, aṣojú yóò bá a dé ibi tí wọ́n bá gbé e lọ.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ akápò. Orúkọ mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti fẹ̀yìntì, ọmọ àwọn kan wà láàárín wa. Ẹni tó bá fẹ́ san ti bàbá rẹ̀ lọ́tọ̀ lè wá wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn sífítì ọ̀sán. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀, ₦19.60, ti akọ̀wé ẹ̀ka ìgbà náà ni, ẹni tí a dá owó ìsìnkú ìyá rẹ̀.